Kí oníṣòwò tó polówó ọjà rẹ̀, kó wá ẹni tí yóò bá a wádìí ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ló sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n àgúnmu tí èròjà rẹ̀ kò bá pé kì í ṣiṣẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń dá àìsàn tuntun sílẹ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Lekki Phase 1 lọ sí Ajah, tó gba Ṣàngótẹ̀dó kọjá títí dé Awóyáyà, yóò rí i pé pátákó ìpolówó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju igi lọ lójú ọ̀nà náà. Níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti dá ọkọ̀ dúró, àwọn ọ̀dọ́ tó ń pín ìwé ìpolówó yóò ti na tiwọn wọlé láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ni eléyìí ń tà, sólà ni tọ̀hún, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ni ti ẹnì kẹta, oúnjẹ ọ̀sán fáwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni ti ẹnì kẹrin.

Ohun tó jọra nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni pé ẹni tó kọ wọ́n jókòó sínú yàrá ni, ohun tó sì dùn létí ló kọ. “Kò jìnnà rárá.” “Àwa la dára jù.” “Omi kì í ya ibẹ̀.” Kò sí ẹni tó lọ wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá omi ń yà á lóṣù Keje. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ọ́ nù kó tó dé ilé. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tó gbà á gbọ́, tó sanwó, tó wá rí i lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni náà kò ní padà wá mọ́, yóò sì sọ fáwọn ẹlòmíràn.

Òótọ́ ni pé oníṣòwò kékeré kò ní àsìkò. Òun ló ń lọ ra ọjà, òun ló ń tà á, òun náà ló ń ṣírò owó lálẹ́. Bó bá ní kóun fi ọjọ́ 3 rìn kiri láti wádìí ohun tí yóò kọ sínú ìpolówó, ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ará ìta síṣẹ́ ìwádìí, bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni iṣẹ́ tó gbé wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn oníṣòwò: èèyàn lè háyà ẹsẹ̀ àti ojú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá jáde nínú ìpolówó, ẹni tó ni ọjà ni yóò dáhùn fún un.

Ìwádìí ló ń bí ọ̀rọ̀ tó ń tajà

Orúkọ David Ogilvy kò ṣàjèjì sáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó káàkiri àgbáyé. Kí ọkùnrin yìí tó dá ilé-iṣẹ́ ìpolówó tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1948, ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ George Gallup, ará Amẹ́ríkà tó sọ bíbéèrè èrò àwọn aráàlú di iṣẹ́ ńlá. Ìpolówó tí Ogilvy kọ fún ọkọ̀ Rolls-Royce lọ́dún 1958 wà lára èyí táwọn èèyàn ṣì ń sọ títí di òní. Kó tó kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ 3 ló fi ka ìwé nípa ọkọ̀ náà. Inú ohun tó kà ló ti rí i pé àwọn tó dán ọkọ̀ náà wò sọ pé bó bá ń sá eré 60 máìlì láàárín wákàtí kan, aago inú rẹ̀ ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tó fi ṣe àkọlé ìpolówó náà nìyẹn. Kò sọ pé kò sí irú ọkọ̀ náà láyé. Ọ̀rọ̀ aago ló sọ, ẹni tó sì kà á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọkọ̀ náà kì í pariwo.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé Ogilvy kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ aago sílẹ̀. Àwọn tó dán ọkọ̀ wò ti kọ ọ́ sílẹ̀, òun kàn wá a rí ni. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ ní Ajah. Àárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lekki wà, ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ló ń pọn omi tó láwọ̀ bíi ti ìpẹtà, àwọn kan sì tún níyọ̀ nínú. Gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ló ń kọ “omi tó mọ́ gaara” sínú ìpolówó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gba iṣẹ́ láti lọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì funfun sí ilé mélòó kan ní Langbasa, tó ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó sì padà yà á lẹ́yìn ọjọ́ 7, fọ́tò méjèèjì yẹn yóò ta ẹ̀rọ ju ojú ìwé 10 tó kún fún ọ̀rọ̀ dídùn lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Iṣẹ́ tó yẹ ká gbé fún ará ìta, àti èyí tí kò yẹ

Oríṣi iṣẹ́ mẹ́rin ló wà tí ará ìta lè ṣe dáadáa. Àkọ́kọ́ ni bíbá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ará ìta tilẹ̀ máa ń ṣe èyí ju ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí ojú máa ń ti oníbàárà láti sọ fún olówó ọjà pé ọjà rẹ̀ wọ́n tàbí pé ọmọọṣẹ́ rẹ̀ yájú. Bí àjèjì bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ ọ́. Èkejì ni wíwo ohun táwọn tó ń ta irú ọjà kan náà ń ṣe: iye tí wọ́n ń tà á, ohun tí wọ́n ń ṣèlérí, ohun tí wọn kò sọ. Ẹ̀kẹta ni wíwá ìwé lọ́dọ̀ ìjọba àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹrin ni lílọ wo nǹkan lójú ara ẹni, bíi kíka iye wákàtí tí ọ̀nà kan ń gbà.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ọjà rẹ̀: ohun tí wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ tí yóò pẹ́, ohun tó lè bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń ka ìròyìn olùwádìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bátìrì tóun ń tà kì í pé ọdún 3, òwò ọ̀hún ní ìṣòro tó ju ti ìpolówó lọ. Bákan náà ni ìlérí. Olùwádìí lè sọ pé àwọn èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n máa gbé ọjà wá sílé láàárín wákàtí 1, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ bóyá ọ̀kadà òun yóò lè ṣe é ni ẹni tó ni ọjà. Òun náà ló gbọ́dọ̀ ka ìpolówó kẹ́yìn, kó fi ọwọ́ sí i, kó tó jáde.

Ìbéèrè ni kó ṣáájú owó

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ ìwádìí jẹ́ jù lọ kì í ṣe ọ̀lẹ olùwádìí. Oníṣòwò tí kò mọ ohun tó fẹ́ béèrè ló máa ń bà á jẹ́. Bí ẹnì kan tó ń ta sólà bá sọ fún ọ̀dọ́ kan pé “Lọ bá mi wádìí nípa sólà ní Ajah,” ojú ìwé 20 nípa oòrùn, iná àti ìlú China ni yóò bá padà wá, kò sì ní sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó ṣeé lò. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tóun ń lọ.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò jókòó, yóò kọ ìbéèrè 5 péré sórí ìwé. Èwo nínú àwọn àdúgbò Badore, Langbasa àti Ṣàngótẹ̀dó ni iná kì í ti í sí jù? Èló ni ìdílé kan ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀ láàárín oṣù kan? Kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ kí sólà gbé? Kí ló ń dẹ́rù bà wọ́n nípa sólà? Ta ni wọ́n ti gbọ́ pé ó rà á tẹ́lẹ̀, kí sì ni ẹni náà sọ? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì lè di ọ̀rọ̀ ìpolówó.

Ìdí tí ìbéèrè nípa àdúgbò fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n kan. Owó náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín Band kan sí èkejì kò parẹ́. Òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè wà ní Band ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó wà ní Band A ń ráhùn lórí owó iná; ẹni tó wà níbi tí iná kì í sí ń ráhùn lórí owó epo, èyí tó ti gara láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ìpolówó kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì wí. Oníṣòwò tí kò bá mọ èyí tí yóò kà á yóò kàn máa ju òkò sínú òkùnkùn ni.

Ohun mìíràn tí olùwádìí gbọ́dọ̀ gbé wá ni ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Oníṣòwò lè máa kọ “5KVA, bátìrì líthíọ́ọ̀mù” sórí ìwé, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìyá tó ń ta ẹja tútù ń sọ ni “kí fíríísà mi má ti dákẹ́.” Bí olùwádìí bá yí ọ̀rọ̀ ìyá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì ńlá, ó ti da wúrà nù. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, yálà ní Yorùbá, ní píjìn, ní Ìgbò tàbí ní Ẹ̀gùn, nítorí onírúurú èèyàn ló ń gbé láti Lekki dé Ajah.

Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó kọjá eré

Kò sí ọjà tí ìpolówó rẹ̀ pọ̀ tó ilẹ̀ lágbègbè yìí, kò sì sí èyí tí irọ́ rẹ̀ ń pa èèyàn lára tó o. Èbúté ńlá Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, Ìbéjú-Lekki sì ni méjèèjì wà. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ tó wà nínú igbó pátápátá ni wọ́n ń sọ pé ó “wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọpo.” Ajẹ́ǹtì kékeré tó ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sórí WhatsApp lè máa rò pé ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lòun náà ń ṣe, títí di ọjọ́ tí ẹni tó sanwó bá mú ọlọ́pàá wá.

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìpolówó ilẹ̀ ló ní ìwádìí tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ pé “ilẹ̀ náà ní ìwé,” ìwé wo ni? Òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O yàtọ̀ sí ìwé ìfọwọ́sí gómìnà fún ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ní ìwé tẹ́lẹ̀. Méjèèjì tún yàtọ̀ sí ìwé excision, ìyẹn apá ibi tí ìjọba yọ̀ǹda padà fáwọn onílẹ̀, tí wọ́n sì gbé jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Bí ìpolówó bá ní excision “wà lọ́nà,” ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìjọba kò tíì yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ajẹ́ǹtì tó bá kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti parí ti purọ́ fún ẹni tó ń ra ilẹ̀.

Níbí, ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì kò tó iṣẹ́ náà. Lọ́yà ni yóò lọ wo ìwé ilẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá, Ìkẹjà. Sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni yóò gbé ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Fọ́tò ìwé tí ọmọ onílẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Owó tí wọ́n bá san fún lọ́yà àti sọ̀fíyọ̀ lè dunni, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹjọ́ kan ṣoṣo yóò gbà.

Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kankan lè ṣe ìyókù. Bí ìpolówó bá fẹ́ sọ pé “ìṣẹ́jú 15 sí Ajah,” kí olùwádìí wọ mọ́tò rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lọ́sàn-án ọjọ́rú, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kó kọ àkókò tó gbéra àti àkókò tó dé. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15 lọ́sàn-án, tó sì jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tó yẹ kó wà nínú ìpolówó ni òótọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ pé omi kì í ya ibẹ̀, kó lọ síbẹ̀ lásìkò òjò, kó bá ó kéré tán ilé 5 sọ̀rọ̀, kó wo àmì omi lára ògiri wọn. Àmì omi lára ògiri kì í purọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń rí olùwádìí, àti bí wọ́n ṣe ń sanwó

Kì í ṣe dandan kí oníṣòwò kékeré lọ bá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ìtajà àti ìròyìn wà ní yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbéjú-Lekki, wọ́n wà ní Unilag ní Akọkà, wọ́n wà ní Yaba Tech. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń béèrè ìwé, lè wúlò gan-an. Fún ọ̀rọ̀ ọjà, obìnrin kan tó ti ń tajà tipẹ́ lọ́jà Ajah, tó gbọ́ èdè mẹ́ta, lè mú ìròyìn wá ju ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ, bí ẹlòmíràn bá ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbaṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà, wọ́n sì dára fún iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ìlú mìíràn kò lè ka ọkọ̀ ní Jákàńdè.

Kí wọ́n tó gbé odidi iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní èyí tó kéré, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Kó lọ bá èèyàn 3 sọ̀rọ̀, kó kọ ohun tí wọ́n sọ wá. Inú èyí ni oníṣòwò yóò ti mọ̀ bóyá ẹni náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àbí òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn lẹ́nu.

Bí àpẹẹrẹ, bí oníṣòwò kan bá ní náírà 400,000 láti fi polówó, ó lè yọ náírà 60,000 sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Owó mọ́tò, 15,000. Owó iṣẹ́ ọjọ́ 3, ní 12,000 lójúmọ́, 36,000. Owó ìpè àti dátà, 4,000. Ìyókù, 5,000, ni yóò fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Iye yìí kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà níbi gbogbo, bí wọ́n ṣe ń pín in ló ṣe kókó. Kó san owó mọ́tò sílẹ̀, kó san 12,000 lẹ́yìn tó bá ti rí ìwé ọjọ́ kìíní, kó sì san 24,000 tó kù nígbà tó bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí ìwádìí bá fi hàn pé àwọn tí yóò ra ọjà náà wà ní Badore, tí kì í ṣe Chevron Drive tó fẹ́ kó ìwé lọ, owó náà ti mú èrè wá nìyẹn.

Ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ ṣe nídìí owó sísan. Kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó lé fún olùwádìí bí èsì bá dùn, nítorí èsì yóò dùn dandan. Kò sì gbọ́dọ̀ fi iye orí èèyàn nìkan díwọ̀n owó, nítorí abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn kan yóò jókòó sí láti kọ orúkọ èèyàn 50.

Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan péré: ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn, ọjọ́ tí yóò parí, owó, àti ẹni tí ìròyìn, fọ́tò àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, ẹni tó ya fọ́tò tàbí tó kọ ìwé ló ni ín, àyàfi tí àdéhùn kíkọ bá sọ nǹkan mìíràn. Oníṣòwò tó rò pé òun ti sanwó, ó parí, lè rí ìwé lọ́yà gbà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ayédèrú ìwádìí

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí oníṣòwò dúró di ogún ọdún. Nínú èèyàn 20 tí olùwádìí bá sọ pé òun bá sọ̀rọ̀, kí oníṣòwò pe 4, kó béèrè bóyá ẹnì kan wá bá wọn, kí sì ni wọ́n sọ. Kí olùwádìí ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè pè wọ́n, kó sì sọ ohun tí nọ́ńbà wọn wà fún, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kò fàyè gba kíkó nọ́ńbà èèyàn jọ fún ohun kan, kí wọ́n wá fi ṣe òmíràn. Nọ́ńbà tí wọ́n gbà fún ìwádìí kì í ṣe èyí tí wọ́n yóò máa fi ìpolówó yọ lẹ́nu.

Kí oníṣòwò tún fura sí ìròyìn tó bá dùn jù. Bí gbogbo èèyàn 20 bá fẹ́ràn ọjà, tí kò sí ẹyọ kan tó ráhùn, ó ṣeé ṣe kí olùwádìí má kúrò nílé. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ó ti rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti jókòó sórí ìjókòó kan kó sì kọ ìròyìn tó dùn ún kà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún títo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dá iye, orúkọ àti ìwé tí kò sí rí sílẹ̀, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Oògùn rẹ̀ kò le: gbogbo ohun tí olùwádìí bá kọ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i, àti ohun tó fi hàn, yálà fọ́tò, rìsíìtì tàbí ìwé. Èyí tí kò bá ní, kí wọ́n fi bírò fà á nù.

Bákan náà, kí wọ́n má fi èsì èèyàn 20 kọ pé “9 nínú ará Lekki 10 ló yàn wá.” Ọ̀rọ̀ èèyàn 20 lè kọ́ oníṣòwò ní ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ìlú.

Ohun tí òfin ń béèrè

Oníṣòwò kan lè sọ pé gbogbo èyí pọ̀ jù fún ìwé pélébé. Ṣùgbọ́n àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON tó ti wà láti ọdún 1988, lágbára lórí ìpolówó orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn, pátákó àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ẹni tó bá sì sọ pé ọjà òun ló dára jù gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2022, àjọ yìí pe Meta, tó ni Facebook àti Instagram, lẹ́jọ́ lórí ìpolówó tí wọn kò yẹ̀ wò, náírà bílíọ̀nù 30 ló sì béèrè fún. Òfin FCCPC ti ọdún 2018 náà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tó lè ṣi èèyàn lọ́nà tajà. Ẹni tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n dì, omi inú ọ̀rá, ọṣẹ, ìpara tàbí oògùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC kó tó polówó rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé pátákó sẹ́bàá ọ̀nà l'Ékòó gbọ́dọ̀ lọ bá LASAA. Olùwádìí tó mọṣẹ́ yóò kọ èyí tó kan ọjà náà sínú ìròyìn rẹ̀.

Ibi tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò gba owó. Kó gbé ìwé ìpolówó tó ń lò lọ́wọ́ báyìí, kó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó sọ pé òótọ́ ni: iye ìṣẹ́jú, iye ọdún, “kò sí irú rẹ̀,” “gbogbo ènìyàn.” Kó kọ ẹ̀rí tó ní síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ẹ̀rí, kó máa lò ó lọ. Èyí tí kò ní, ìyẹn ni iṣẹ́ tó yẹ kó háyà èèyàn fún. Bí olùwádìí bá sì padà wá sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, kó sanwó fún un, kó sì yọ gbólóhùn náà kúrò kí ìwé tuntun tó jáde.